Mo di akápò gbọ̀ngàn àwọn ọmọ Sea Scout létí odò Thames

Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe akápò fún ẹgbẹ́ ọmọdé tó ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ létí omi, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ṣe é kẹ́yìn àti ìdí tó fi gbé e sílẹ̀. Èmi béèrè. Wọ́n ní ìyá àgbà kan ló ṣe é títí ó fi kó lọ sí Kent, wọ́n ní ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Òótọ́ ni, ó mọ́. Ohun tí wọn ò fẹnu bà ni pé nínú ìwé tó mọ́ tónítóní náà, owó tó ń bá òrùlé, ilẹ̀kùn àti ẹrẹ̀ lọ ju owó tí gbogbo àwọn ọmọ ń dá lọ.

Sea Scout ni ẹgbẹ́ ọ̀hún. Scout náà ni wọ́n, àmọ́ ojú omi ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú eré àti ẹ̀kọ́ wọn. Gbọ̀ngàn wọn wà létí Thames, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ ní London, ní ìsàlẹ̀ Woolwich, àdúgbò tí ẹ ò lè rìn títí kẹ́ ẹ má gbọ́ “ẹ káàsán”. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí ọ̀rọ̀ owó ló pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ mi obìnrin ló fà mí débẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Etí ọ̀sà ni mo dàgbà sí, mo sì mọ bí ọkọ̀ ẹja ṣe ń gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ kí àwọn alájàpá tó dé Ọjà Olúwo. Mo rò pé mo mọ omi. Ṣùgbọ́n ọ̀sà tiwa, ibi tí ẹ bá a sí láàárọ̀ náà lẹ máa bá a lálẹ́, àfi tí òjò bá ti pọ̀ lápọ̀jù. Thames kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń ti odò náà padà sẹ́yìn tí á kún, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló sì ń fà. Ní London Bridge, láàárín ìgbà tó bá kún jù àti ìgbà tó bá fà jù, ìyàtọ̀ náà lè tó mítà 7, ìyẹn tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lóròó. Ẹni tó bá kọ́lé sétí irú omi bẹ́ẹ̀ ti bá a dá àdéhùn, ó mọ̀ ni o, kò mọ̀ ni o.

Ìyàwó mi kò fẹ́ gbọ́. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí, igbó ló mọ̀, kò sí odò tó ń gbé ọkọ̀ nínú ìtàn ìdílé wọn. Ó ní òun ò bímọ fún odò. Mi ò bá a jiyàn, torí ìtàn Sea Scout fúnra rẹ̀ gbè é lẹ́yìn.

Ọdún 1907 ni Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea, nínú èbúté Poole, ibẹ̀ sì ni gbogbo Scout ti ṣẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1909, àwọn kan nínú wọn ti ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ní Bucklers Hard, létí odò Beaulieu. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí láburú ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1912, àwọn Scout láti Walworth wọ ọkọ̀ onígbòkun lọ sí Leysdown ní erékùṣù Sheppey láti lọ pàgọ́. Walworth tí mò ń wí yìí náà ni Walworth tí ẹ ti ń ra ẹ̀fọ́ àti ata rodo ní East Street. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀ tán nígbà tí afẹ́fẹ́ òjijì kan gbá ọkọ̀ náà dojú dé. Ọmọkùnrin mẹ́sàn-án ló bá omi lọ. Churchill, tí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ní kí ọkọ̀ ogun gbé òkú wọn gba inú Thames padà sí London. Itẹ́ Nunhead ni wọ́n ti ṣe ìsìnkú náà, tòsí Peckham. Wọ́n gbé ère Scout kan tí wọ́n fi idẹ rọ sójú oórì náà, àwọn olè wá jí i gbé. Òkúta ìrántí mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti lọ wò ó. Ẹni tó ń jí idẹ lójú oórì ọmọdé, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ohun tó mú ìyàwó mi rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó ní òun fẹ́ rí ibẹ̀ fúnra òun. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí gbogbo ọmọ ń pè ní Skip, kò bá a sọ ìtàn kankan. Ó mú un lọ sídìí pátákó kan tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìṣó wà lára pátákó náà, nọ́ńbà wà lábẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan, àmì ike roboto kan sì so mọ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ń lọ sójú omi á mú àmì tirẹ̀ kúrò lápá òsì, á fi kọ́ apá ọ̀tún. Tó bá dé, òun fúnra rẹ̀ ni á dá a padà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn dá a padà, kódà Táíwò ò gbọdọ̀ gbé ti Kẹ́hìndé. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn títí apá ọ̀tún á fi ṣófo. Lẹ́yìn náà, Skip fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn án. Irú ọkọ̀ tó lè kó ọmọdé sínú rẹ̀ wà nínú ìwé náà, irú omi tó lè gbé wọn lọ náà wà níbẹ̀, àgbàlagbà tí kò bá sì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kó ọmọ sójú omi, bó ti wù kó mọ̀wẹ̀ tó. Ìyàwó mi fa okùn àwọn láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ aṣọ wò ní Báàlógun. Kò sọ pé òun gbà. Ó kàn béèrè iye tí aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́.

Kí n tó mọ̀dí owó gbọ̀ngàn, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Discovery ló là mí lójú. Dundee ní Scotland ni wọ́n ti kàn án lọ́dún 1901, igi ni wọ́n fi kàn án, òun ló sì gbé Captain Scott lọ sí ilẹ̀ yìnyín Antarctica. Nígbà tó yá, wọ́n fi ta ẹgbẹ́ Scout lọ́rẹ, láti 1937 ló sì ti wà ní Embankment ní àárín London gẹ́gẹ́ bí ibi ìpàdé àti ibi ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn Sea Scout. Ẹ wo irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀! Ọkọ̀ tó ti dé ìsàlẹ̀ ayé tó bọ̀, tí ọmọ Lambeth á máa sùn nínú rẹ̀. Ogun dé, wọ́n yọ ẹ́ńjìnì àti ìkòkò omi gbígbóná inú rẹ̀ torí irin. Igi tó wà nínú omi kì í sì í dúró de ẹni tí kò lówó. Lọ́dún 1954, Scout gbé ọkọ̀ náà fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, torí owó àtúnṣe rẹ̀ ti kọjá agbára wọn. Ọdún 1986 ló padà sí Dundee, ibẹ̀ ló wà títí dòní tí àwọn èèyàn ń sanwó wò ó. Ọ̀fẹ́ ni Scout gbà á. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń bẹ̀rù jù lọ ni “wọ́n fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ.”

Gbọ̀ngàn tiwa kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú omi ló kọ́ ọ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Bíríkì ni ìsàlẹ̀, pákó ni òkè, wọ́n sì fi páànù asbestos bò ó. Ẹ ó rí àwòrán wọn lára ògiri, wọ́n ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, sìgá wà lẹ́nu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwòrán Sundowner, ọkọ̀ kékeré tí Charles Lightoller wà lọ sí Dunkirk ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1940, òun àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Sea Scout kan, tí wọ́n sì fi kó sójà tó lé ní 120 bọ̀. Lightoller yìí ti yọ nínú Titanic kó tó dìgbà yẹn, ìyẹn nìkan sì ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́ gbọ́.

Ohun tí mo rí nínú ìwé ìnáwó àtijọ́ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má náwó kankan lórí àtúnṣe. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ọkọ̀ ni bàbá ọmọ kan, ajórin ni ti èkejì, ẹlòmíràn ń fa iná, òmíràn ń kun ọkọ̀. Bí pákó kan bá jẹrà, ọ̀sán Sátidé kan ti tó. Lọ́dún 1981 ni Royal Docks, tó jẹ́ ibùdó ọkọ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀, ṣíwọ́ iṣẹ́. Àwọn bàbá náà wá iṣẹ́ gba ibòmíràn lọ, àwọn tó kù darúgbó. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe, owó ni wọ́n ń fi ṣe é. Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó àti àwa oníkọ̀ǹpútà ni òbí ìsinsìnyí, ẹnì kan ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọkọ̀ tó ń jò. Nínú gbogbo ìtàn gbọ̀ngàn náà, ibí yìí ni mo ti kọ́gbọ́n jù: iṣẹ́ àdúgbò ló gbé e ró, iṣẹ́ náà ti lọ, gbọ̀ngàn ṣì wà.

Àwọn bàbá yẹn gbọ́n o. Ìsàlẹ̀ ni ilé ọkọ̀. Kòǹkéré ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sọ́nà odò, kí omi tó bá wọlé lè bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Kò sí ojú iná kankan tí kò ga dé àyà. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sára ògiri lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n fi ń ki pákó bọ̀ ọ́ nígbà tí omi bá fẹ́ kún ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n gbà pé omi á wọlé, wọ́n kàn rí i dájú pé kò ní bá ohun tó lè bà jẹ́. Thames Barrier, ìlẹ̀kùn ńlá tí wọ́n fi ń dènà omi òkun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1982 ní Woolwich, ìlú tó wà lókè rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ la wà, ìta odi ìdènà omi, lápá odò, la sì tún wà, àwa àti odò la jọ ń gbé. Òkè ni gbọ̀ngàn gangan wà, pẹ̀lú ilé ìdáná àti yàrá tí wọ́n ń kó àgọ́ sí.

Ẹni tí kì í gbé etí odò á bi yín pé kí ni Sea Scout ń fi gbọ̀ngàn ṣe, ṣebí ojú omi ni wọ́n wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lójoojúmọ́, omi ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná lọ kó tó kún. Tí omi bá kún lágogo méje alẹ́ Ẹtì yìí, nígbà tí Ẹtì mìíràn bá fi máa yí po, ẹrẹ̀ lẹ máa bá lágogo méje. Ẹrẹ̀ náà kì í ṣe ẹrẹ̀ àfiṣeré. Ó lè mu àgbàlagbà dé orúnkún kó má fẹ́ dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Torí náà, ọ̀sẹ̀ kan omi, ọ̀sẹ̀ kejì gbọ̀ngàn. Ọ̀sẹ̀ gbọ̀ngàn ni wọ́n ń so okùn, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán odò, wọ́n ń lẹ ọkọ̀ tó ti sán. Ìwé àkókò omi ni Skip fi ń ṣètò gbogbo táàmù. Ìwé yẹn náà ló wo àwa òbí Nàìjíríà sàn nínú àìsàn “mo ti wà lọ́nà.” Tẹ́ ẹ bá pẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, odò ò ní dúró dè yín, ọmọ yín á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókèèrè. Wọn kì í pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí àwọn bàbá náà kò rò ni pé ọmọbìnrin á wọ ẹgbẹ́ náà. Lọ́dún 1976 ni Scout ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gba obìnrin sáàárín àwọn àgbà ọmọ, ní 1991 ni wọ́n fàyè gbà á fún gbogbo ọjọ́ orí, láti 2007 ló sì ti di dandan fún gbogbo ẹgbẹ́. Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́, kò sì sílẹ̀kùn láàárín rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi dé, aṣọ ńlá ni wọ́n fi dá a sí méjì. Ògiri tí a fi rọ́pò aṣọ yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sanwó rẹ̀, a sì fi ẹ̀rọ omi gbígbóná kún un. Omi gbígbóná kì í ṣe fàájì níbẹ̀. Ìtọ̀ eku wà nínú odò, àrùn burúkú sì lè gba ojú egbò wọ ara. Ọmọ tó bá ti ojú omi dé gbọ́dọ̀ wẹ̀ kó tó fọwọ́ kan bisikíìtì.

Owó wá ńkọ́? Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, bí àwọn àgbà ṣe wí. À ń san owó ilẹ̀ fún káńsù, owó ìbánigbófò tó ń gbówó lórí lọ́dọọdún, àti owó àṣẹ fún Port of London Authority, torí ọ̀nà kòǹkéré tí a fi ń ti ọkọ̀ sómi wọ inú odò, àwọn ló sì ń ṣàkóso odò. Ọ̀nà kòǹkéré yẹn nìkan, eèhọ̀ ń hù sórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń bomi rin ín, a sì gbọ́dọ̀ ha á kí ọmọ má bàa yọ̀ ṣubú. Òrùlé asbestos ló ń dà wá láàmú jù. Tí a ò bá fọwọ́ kàn án, kò ní ṣe wá ní nǹkan. Ọjọ́ tó bá sán, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló yẹ kó tú u, iye tí wọ́n dá lé wa sì pọ̀ débi pé mo fi fóònù mi wo ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá ojú mi ló ń ṣe mí.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn òbí Yorùbá mọ̀. Ìjọba ilẹ̀ yìí máa ń fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ún kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá fún ẹgbẹ́ aláàánú. Gift Aid ni wọ́n ń pè é. Ìwé kan ṣoṣo lẹ máa fọwọ́ sí. Àwọn òyìnbó ti fọwọ́ sí i tipẹ́, tiwa ló ṣófo. Ìbẹ̀rù ni. Wọ́n rò pé ìwé náà máa mú kí ìjọba wá yẹ àpò wọn wò. Mo jókòó ti wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú tíì àti púfupúfù, mo ṣàlàyé pé tó o bá ti ń san owó orí lóṣooṣù, owó tó o ti san náà ni wọ́n ń yọ nínú rẹ̀. Ìyá Dàpọ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ó sì fi dandan lé e pé káwọn tó kù fọwọ́ sí i lójú òun.

Èyí tó ń mówó wọlé jù ni yíyá gbọ̀ngàn. Ọjọ́ ìbí ọmọdé, ìpàdé, eré ìdárayá, àti ìjọ kan ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ ti mọ irú ìjọ tó jẹ́. Ìlù kì í bẹ̀rù omi, ńṣe ni ojú omi ń gbé e lọ, àwọn tó ń gbé òdìkejì odò sì kọ̀wé sí káńsù. A bá wọn jókòó, a fi àkókò sí i, wọ́n sì ń ti fèrèsé tó kọjú sódò nígbà ìyìn àti ìjọsìn. Pásítọ̀ wọn ló kó àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ wá kun gbogbo ara pákó òde lọ́jọ́ Sátidé kan. A fi ọ̀dà ṣòfò díẹ̀, àmọ́ ọ̀sán Sátidé tí àwọn bàbá àtijọ́ máa ń lò náà ló tún padà wá yẹn, ọwọ́ mìíràn ló kàn di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ Man O' War láti yunifásítì. Etí omi lòun náà ti wá. Lọ́dún 1951 ni Alec Dickson dá ibi ìkọ́ni sílẹ̀ ní Man O' War Bay, létí òkun Cameroon, nígbà tí apá ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àkóso kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí wọ́n dìbò bọ́ sí Cameroon lọ́dún 1961, iṣẹ́ náà kó wá sílé, ìdí nìyẹn tí iléèwé Sea School fi wà ní Àpápá. A tún ní ti Mákòókò, iléèwé tó léfòó lórí àgbá ike, tí Kúnlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì parí lọ́dún 2013. Gbogbo ayé yà á ní fọ́tò. Nínú oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá rọ̀, ó wó. Àwọn ọmọ ti kúrò níbẹ̀ kó tó dìgbà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní London máa ń fi àwòrán rẹ̀ hàn mí pé irú rẹ̀ ló yẹ ká kọ́. Mo bi í pé ta ló ń kun àgbá náà, lọ́jọ́ wo, owó ta ni. Ó ní mo ti di òyìnbó.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí pè mí. Wọ́n rí ilé kan létí odò, wọ́n ní owó rẹ̀ ò pọ̀, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di gbọ̀ngàn fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá àti ìlù níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má lọ wò ó lọ́sàn-án Sátidé tí agéńtì mú fún wọn. Oṣù kẹta tàbí oṣù kẹsàn-án ni kí wọ́n lọ, nígbà tí òṣùpá bá yọ roboto, torí ìgbà náà ni omi máa ń kún jù. Kí wọ́n lọ lásìkò tó kún gan-an, kí wọ́n wọ bàtà rọ́bà, kí wọ́n wo ibi tí omi dé lára ògiri. Kí wọ́n tún béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ tó wà láàárín ilé náà àti odò. Wọ́n lọ lóṣù kẹsàn-án. Alága ní omi ò dé ẹnu ọ̀nà, akọ̀wé ní òun fi bàtà rìn nínú rẹ̀, wọn ò sì tíì dìbò lé e lórí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.